Àwo Àpẹẹrẹ Rọ́ọ̀kì láti Jàpáánì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má bi mí ní ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Mo kó wọn jọ síbí kí ọwọ́ mi lè sinmi. Àwo orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n tẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1990 ni mo ń sọ. Ti òde òní kò sí níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní àwo àpẹẹrẹ?

Kí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbé àwo tuntun lọ sọ́jà, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ ìwọ̀nba tí wọ́n máa pín fún ilé iṣẹ́ rédíò, àwọn oníwèé ìròyìn orin àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó lórúkọ. Wọ́n fẹ́ kí orin náà ti wà létí àwọn èèyàn kí ọjọ́ títà tó pé. Mihonban ni àwọn ará Jàpáánì ń pè é: mihon ni àpẹẹrẹ, ban ni àwo. Kì í ṣe èènì, ìtọ́wò ni, bí ìgbà tí ìyá oníwàrà bá gé díẹ̀ sí yín lọ́wọ́ kí ẹ tó sọ iye tí ẹ máa rà.

Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, iye tí wọ́n ń tẹ̀ kì í tó ti ọjà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé "ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n tẹ̀", ẹ ní kó fi ẹ̀rí hàn. Ẹnu ọlọ́jà ni irú iye bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń wá.

Mi ò gbọ́ èdè Jàpáánì. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?

Àmì mẹ́fà péré ni kí ẹ mọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni 見本盤, mihonban tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́ta kejì ni 非売品, hibaihin, ìyẹn ni pé kì í ṣe títà. 非 yẹn dà bí òòyà tó ní eyín lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ojú yín bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ óò máa rí i láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà pélébé, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì.

Ọ̀kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bébà àárín rẹ̀ funfun báláú, lẹ́tà dúdú ló wà lára rẹ̀, 見本盤 sì dúró gbọingbọin lápá ọ̀tún ihò. Ní ẹ̀yìn àpò rẹ̀, sítíkà kékeré kan tó ní 非売品 ti di àwọ̀ ilẹ̀, igun rẹ̀ kan sì ti ká sókè. Ẹnìkan fi bírò yí orin kejì ní ojú B po, ó tún fà á nílà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dájú pé orin yẹn ló fẹ́ gbé sórí afẹ́fẹ́.

Ṣé gbogbo wọn ni bébà àárín wọn máa ń funfun?

Rárá. Àwọn mìíràn lo bébà aláwọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n kàn tẹ 見本盤 mọ́ ọn. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwo ọjà lásán ni, sítíkà tàbí òǹtẹ̀ ara àpò nìkan ló sọ ọ́ di àpẹẹrẹ.

Ní tèmi, bébà funfun ló ṣáájú, èyí tí wọ́n tẹ àmì mọ́ lára ló tẹ̀ lé e, onísítíkà ló gbẹ̀yìn. Sítíkà ṣe é ṣí lára àpò kan lẹ̀ mọ́ òmíràn. Mi ò lè san owó bébà funfun sórí ohun tí omi gbígbóná lè tú.

Kí ni "obi" tí wọ́n ń pariwo yìí?

Kì í ṣe obì tí à ń là o. Obi ni ọ̀já fífẹ̀ tí wọ́n máa ń dì mọ́ kimono, aṣọ ìbílẹ̀ wọn. Gbàjá gan-an ni. Lára àwo, ó jẹ́ bébà tóóró tí wọ́n wé mọ́ apá òsì àpò, tó ní orúkọ àwo lédè Jàpáánì, nọ́ńbà, iye owó, àti ọ̀rọ̀ ìpolówó díẹ̀. Ní ìparí ọdún 1970 sí 1979, ¥2,500 ni ẹ óò rí lára ọ̀pọ̀ LP, ìyẹn àwo ńlá. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1989, ó ti di ¥2,800.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á nígbà náà ya obi dànù bí a ṣe ń ya ọ̀rá ara bisikíìtì. Ìdí nìyẹn tí àwo ọjà tó ní obi fi wọ́n ju èyí tí kò ní lọ. Ti àwo àpẹẹrẹ yàtọ̀ díẹ̀: òmíràn kúrò ní ilé iṣẹ́ pẹ̀lú obi, òmíràn kò ní in láti ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi àìsí obi ná àwo bébà funfun wálẹ̀ kí ẹ tó wo bí àwọn ẹ̀dà mìíràn nọ́ńbà kan náà ṣe rí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ti Jàpáánì? Ṣé Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba kò ní tiwọn ni?

Wọ́n ní in, ó sì pọ̀. Ohun tó fa ojú mọ́ ti Jàpáánì ni ìmọ́tótó iṣẹ́ wọn. Ike wọn kì í sábà pariwo lábẹ́ abẹ́rẹ́, àpò wọn nípọn, wọ́n sì máa ń fi bébà ọ̀rọ̀ orin sí i, lédè Gẹ̀ẹ́sì àti lédè Jàpáánì. Àwọn tó ni wọ́n náà tọ́jú wọn. Mo ti gba àwo tó ti lé ní ogójì ọdún tí ojú rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni pé àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá lọ ṣeré níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ sì máa ń polówó wọn gan-an kí wọ́n tó gúnlẹ̀. The Beatles ṣeré ní Budokan ní Tokyo láti 30 oṣù kẹfà sí 2 oṣù keje, ọdún 1966, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún júdò ní Olympics ọdún 1964. Led Zeppelin dé ní 1971, Queen ní 1975, Kiss ní 1977.

Mo rí àwo Beatles tó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ṣé àwo àpẹẹrẹ nìyẹn?

Àwọ̀ pupa nìkan kò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Toshiba ló ń tẹ àwo pupa, Everclean ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n po nǹkan mọ́ ike náà kí ó má baà máa fa eruku mọ́ra. Wọ́n tà á fún ará ìlú títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, kò sì ṣọ̀wọ́n tó bí àwọn ọlọ́jà kan ṣe ń sọ ọ́.

Èyí tó yẹ kí ọkàn yín fò sókè fún ni pupa tó tún ní bébà funfun àti 見本盤. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Orúkọ àwo tó wà lára obi kò jọ èyí tí mo mọ̀. Ṣé wọ́n kọ ọ́ ṣì ni?

Wọn ò kọ ọ́ ṣì. Àwọn ará Jàpáánì máa ń sọ àwo òyìnbó lórúkọ tiwọn, bí ìgbà tí ìyá àgbà sọ ọmọ Michael ní Àjàní tí kò sì pè é ní Michael mọ́ láé. Pink Floyd ni àpẹẹrẹ tó dùn jù. Atom Heart Mother ni wọ́n pè ní 原子心母, tí wọ́n tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: átọ́ọ̀mù, ọkàn, ìyá. Meddle di おせっかい, ìyẹn àtojúbọ̀. The Dark Side of the Moon wá di 狂気, wèrè gan-an, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Wish You Were Here ni 炎, ọwọ́ iná. Bí ẹ bá wo àwòrán ọkùnrin tó ń jó lára àpò rẹ̀, ẹ óò mọ ibi tí wọ́n ti mú un.

Bí ẹ bá ń wá àwo kan ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, orúkọ Jàpáánì yìí ni kí ẹ tẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kò mú jáde máa ń tú yáyá.

Ilé iṣẹ́ wo ló ni ẹgbẹ́ wo?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe jọ lọ, torí òun ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ nígbà tí nǹkan kò bá bára mu. Ti Beatles, Toshiba ni. Pink Floyd bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Toshiba kan náà, wọ́n kó lọ sí CBS/Sony ní 1975. King ló gbé Rolling Stones jáde láàárín ọdún 1960 sí 1969. Nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Warner-Pioneer. Led Zeppelin wà lọ́dọ̀ Nippon Grammophon ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá Warner-Pioneer sílẹ̀ ní 1970, ó sì gbà á. Deep Purple àti Queen náà wà níbẹ̀. Jimi Hendrix wà lọ́dọ̀ Polydor, Kiss lọ́dọ̀ Victor, Aerosmith lọ́dọ̀ CBS/Sony.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Bí ẹnìkan bá gbé "àwo àpẹẹrẹ Led Zeppelin ọdún 1969" wá tó ní Warner-Pioneer lára, ẹ ti mọ̀ pé ọjọ́ tó ń sọ kò ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ náà kò tíì sí láyé.

Ṣé àwọn kan wà tí wọn ò tà fún ará ìlú rárá?

Wọ́n wà, àwọn sì ni mo fẹ́ràn jù. Àkójọ orin fún àwọn oníṣẹ́ rédíò, àwo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwo tí wọ́n ṣe nítorí ìrìn àjò ẹgbẹ́ kan. Àpò wọn lè jẹ́ funfun lásán tí ẹnikẹ́ni kò ya nǹkan kan sí lára. Nọ́ńbà wọn yàtọ̀ sí ti ọjà: PS- ni ẹ óò rí lára púpọ̀ nínú ti Warner-Pioneer, XDAP lára ti CBS/Sony ní ọdún 1980 sí 1989.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn kékeré oní 17 sẹ̀ǹtímítà. Owó wọn kì í wọni lára tó ti LP, orin kan sì wà tó jẹ́ orí wọn nìkan ni wọ́n ti gé e kúrú fún rédíò.

Gbogbo àwo tí wọ́n kọ "Japan" tàbí "Budokan" sí lára ń kọ́, ṣé wọ́n ṣọ̀wọ́n?

Rárá. Deep Purple gba ohùn Live in Japan sílẹ̀ ní Osaka àti Tokyo ní oṣù kẹjọ 1972, ó tà bí ẹni máa kú. At Budokan ti Cheap Trick, Jàpáánì nìkan ni wọ́n ṣe é fún ní 1978. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá ń rà á láti òkè òkun débi tí ilé iṣẹ́ wọn fi gbé e jáde níbẹ̀ ní 1979. Àwo ọjà wọn wà káàkiri. Ti bébà funfun ni kí ẹ máa wá.

Ṣé òótọ́ ni pé àwo àpẹẹrẹ dún dáa ju ti ọjà lọ?

Nígbà mìíràn. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé irin tí wọ́n fi ń tẹ àwo máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, àwo àpẹẹrẹ sì ló kọ́kọ́ ń jáde nígbà tí irin náà ṣì mú. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n wọ́n tún lè tẹ àpẹẹrẹ kún un lẹ́yìn tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀, irin kan náà sì lè tẹ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ téèpù tún wà níbẹ̀. Fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀dà téèpù ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí Tokyo. Ìyá téèpù kò kúrò ní London tàbí New York. Ìdí nìyí tí àwo Jàpáánì fi lè dákẹ́ rọ́rọ́ tí kò sì ní ooru inú ti ìbílẹ̀. Èmi kì í rà á nítorí ohùn. Mo ní ẹ̀dà Ìlú Ọba tí mo máa ń gbọ́ dáadáa, ti Jàpáánì ni mo máa ń gbé jáde bí àlejò bá dé.

Níbo ni mo ti lè rà á láì dé Jàpáánì?

Discogs, ìkànnì tí wọ́n ti ń to àwo jọ tí wọ́n sì ń tà á, ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwòrán àti nọ́ńbà wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi wéra. Ibi tí ọjà gan-an wà ni Yahoo! Auctions ti Jàpáánì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ibẹ̀ kì í fi nǹkan ránṣẹ́ sókè òkun. Ẹ óò nílò aṣojú bíi Buyee tàbí ZenMarket: wọ́n á bá yín dá iye lé e, wọ́n á gbà á sílé ìkẹ́rù wọn, wọ́n á wá fi ránṣẹ́. Ẹ ṣírò owó wọn mọ́ iye àwo kí ẹ tó dá iye kankan lé e.

Bí ẹsẹ̀ yín bá débẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù Disk Union ní Shinjuku àti Ochanomizu yóò gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọlé.

Kí ni kí n sọ fún ọlọ́jà kó tó di ẹrù?

Ẹ ní kó yọ àwo kúrò nínú àpò, kó tò ó sẹ́yìn àpò nínú ọ̀rá kan. Gbólóhùn kan péré yìí ti fi owó pa mọ́ fún mi ju ohunkóhun lọ. LP àkọ́kọ́ tí mo rà láti ibẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń jù ú kiri lọ́nà, etí àwo ti fá ìsàlẹ̀ àpò ya bí ọ̀bẹ. Ọlọ́jà ní àpò odidi ni òun dì, kò sì purọ́.

Ẹ ní kó kọ iye tó jẹ́ òótọ́ sára ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ẹrù bá sọnù, iye tó kọ ni wọ́n máa wò.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀ nínú ooru tiwa?

Ní ìnàró, kí ó má tẹ̀, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé. Ní Èkó, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Páálí á bu, obi á ní àmì àwọ̀ ilẹ̀ tó-tò-tó. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ni. Ẹ má lo ọ̀rá PVC tó nípọn tó ń dán yẹn, torí ó máa ń fi kùrukùru sójú àwo tí kò ní lọ mọ́. Ọ̀rá polyethylene ni kí ẹ lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Nagaoka 102 ni èmi ń rà fún inú àpò. Ẹ fi obi sínú ọ̀rá tirẹ̀ kí ó má baà ya nígbà tí ẹ bá ń yọ àwo.

Kí ló yàtọ̀ láàárín àwo àpẹẹrẹ àti àwo ìdánwò?

Àwo ìdánwò ni èyí tí ilé ìtẹ̀wé àwo tẹ̀ láti fi wò bóyá irin náà dáa, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bébà rẹ̀ sábà máa ń ṣófo, tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sí i. Ìwọ̀nba bíńtín ni. Àpẹẹrẹ jẹ́ ohun tí wọ́n tẹ lẹ́tà sí dáadáa torí ará ìta ló ń lọ bá. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń po méjèèjì pọ̀ mọ̀ọ́mọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi dídán tó wà láàárín ìparí orin àti bébà àárín. Nọ́ńbà tí wọ́n fín síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti bébà mu. Bí ibẹ̀ bá mọ́ lálá, tàbí tí ọwọ́ ló fi nǹkan ha á ṣákaṣàka, ó lè jẹ́ àwo olè tí wọ́n kàn tẹ lẹ́tà Jàpáánì sí. Obi náà ní ayédèrú, àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ tà ní gbangba. Ẹ fi awò ńlá wo lẹ́tà dúdú rẹ̀: bí ẹ bá rí tó-tò-tó aláwọ̀ mẹ́rin níbi tó yẹ kó dúdú kirikiri, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́.

Òǹtẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ́gbọ́n. Mo ra àwo kan tó ní òǹtẹ̀ pupa 見本盤 nítòsí ihò, mo sì san owó tí mi ò ní sọ fún ìyàwó mi. Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ iná, mo rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí irin àárín giramafóònù máa ń fà sára bébà nígbà tí èèyàn bá ń wá ihò. Yíǹkì pupa náà ṣàn wọnú àwọn ìlà yẹn. Ìyẹn ni pé wọ́n ti gbọ́ àwo náà fún ọdún pípẹ́ kí ẹnìkan tó lù ú lóǹtẹ̀. Àwo ọjà lásán ni mo rà. Láti ìgbà yẹn, àwòrán ihò ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè.

"Kì í ṣe títà" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé kò lè kó mi sí wàhálà?

Ní Jàpáánì, wọ́n ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Ní Amẹ́ríkà, Universal Music gbé ọkùnrin kan tó ń ta CD àpẹẹrẹ lọ sílé ẹjọ́. Ní 2011, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ọkùnrin náà láre: ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni láìbéèrè, tí wọn kò sì ní kí a dá padà, ti di tẹni tó gbà á. Mi ò rí ẹni tí wọ́n mú nítorí LP Kiss rí.

Bírò wà lára àpò, orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n nù ún?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá àwo ọjà ló ń sá fún ìkọ̀wé. Lára àwo àpẹẹrẹ, òun ni ìwé ẹ̀rí. Bí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé orin rédíò kan bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n tà á fún ará ìlú, ẹ̀rí tó lágbára ni pé ayédèrú kọ́.

Ìkìlọ̀ kan: àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń fi àwo háyà gbilẹ̀ ní Jàpáánì láti 1980, sítíkà tiwọn náà wà lára ọ̀pọ̀ àpò. Ìyẹn kì í ṣe ti rédíò. Bí ẹ bá rí àtẹ ọjọ́ ìyáwó àti ọjọ́ ìdápadà, àwọn ọmọ ilé ìwé ló ti gbé e lọ gbé e bọ̀, ẹ wo ojú àwo dáadáa.

Bírò tó yí orin kejì ojú B po lára tèmi yẹn, mo ti gbọ́ orin náà láìmọye ìgbà láti mọ ohun tó rí níbẹ̀. Orin ojú A ni mo ṣì fẹ́ràn jù.